Mẹ́dà Ìrántí Ìbẹ̀wò Ọba: Bí A Ó Ṣe Dá A Mọ̀, Bí A Ó Ṣe Tọ́jú Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí a sọ ní ọjọ́ àjọ̀dún níwájú Kábíyèsí, àwọn olóyè, àwọn aláṣẹ kọ́múnù àti gbogbo ọmọ Kétu nílé lóko

    

Ẹgbẹ́ wa ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun kékeré kan tó wà nínú àpótí àwọn àgbà wa. Ohun náà kì í ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Òmíràn rí róbótó bí owó, òmíràn ní igun bí ìràwọ̀, òmíràn ní ihò lókè tí wọ́n fi okùn sí. Àwọn tó lọ ilé-ìwé Faransé ń pè é ní médaille, àwọn ará wa lọ́nà Èkó ń pè é ní mẹ́dà. Lónìí, mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ pàápàá lórí èyí tí wọ́n ṣe láti fi rántí ọjọ́ tí ọba kan ṣe ìbẹ̀wò sí ìlú kan.

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kò gùn: mẹ́dà tí a mọ ìtàn rẹ̀, ohun ìní ìdílé ni, ohun ìní ìlú sì ni. Mẹ́dà tí a kò mọ ìtàn rẹ̀ mọ́, irin lásán ni lọ́wọ́ ẹni tó ń rà á. Ìtàn náà sì wà lẹ́nu àwọn àgbà tó ṣì wà láàyè. Bí a kò bá bèèrè lọ́wọ́ wọn báyìí, kò sí ìwé kankan tí yóò sọ ọ́ fún wa lọ́la.

Kí ni mẹ́dà ìbẹ̀wò ọba?

Nílẹ̀ wa, nígbà tí ọba bá fẹ́ dá ẹnìkan lọ́lá, ìlẹ̀kẹ̀ ni ó fi sí i lọ́rùn tàbí lọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ ìlẹ̀kẹ̀ kà yóò wo ọrùn olóyè, yóò sì mọ ipò tó wà. Àwọn òyìnbó náà ní tiwọn. Irin ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n ń ya àwòrán orí ọba sí ojú kan, wọ́n ń kọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é sí ojú kejì. Mẹ́dà tó jẹ mọ́ ìbẹ̀wò ọba pín sí ọ̀nà mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń fún àwọn tó ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ ìbẹ̀wò náà. Àpẹẹrẹ rẹ̀ tó ṣe kedere ni ti ilẹ̀ Ireland. Ní oṣù kẹrin ọdún 1900, Ọbabìnrin Victoria ṣe ìbẹ̀wò síbẹ̀, wọ́n sì ṣe mẹ́dà onídẹ fún àwọn ọlọ́pàá tó dúró ṣọ́nà. Orí ọbabìnrin wà ní ojú kan. Ní ojú kejì, obìnrin kan tó dúró fún ilẹ̀ Ireland ń wo èbúté tí ọbabìnrin ti gúnlẹ̀. Wọ́n tún ṣe irú rẹ̀ nígbà tí Ọba Edward Keje lọ sí Scotland àti Ireland ní ọdún 1903, àti nígbà tí Ọba George Karùn-ún lọ sí Ireland ní ọdún 1911. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe gbogbo ará ìlú ni wọ́n fún. Àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ni. Nítorí náà, mẹ́dà bẹ́ẹ̀ ń sọ ibi tí ẹni tó ni ín dúró sí nígbà tí ọba ń kọjá.

Èkejì ni èyí tí wọ́n pín fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì rìnrìn àjò lọ sí New Zealand ní òpin ọdún 1953 títí wọ 1954, tó sì ti ibẹ̀ kọjá sí Australia, wọ́n pín mẹ́dà kéékèèké fún àwọn ọmọ ilé-ìwé lórílẹ̀-èdè méjèèjì. Nítorí pé wọ́n pọ̀ gan-an, owó ńlá kọ́ ni wọ́n ń pa lọ́jà. Ṣùgbọ́n nínú ilé ẹni tó gbà á nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, ta ni yóò fi owó díwọ̀n rẹ̀?

Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn oníṣòwò ṣe fún títà. Bí ọba bá ń bọ̀, oníṣòwò a ṣe ife, a ṣe àwo, a tẹ aṣọ, a ṣe bàjì àti mẹ́dà. Nígbà tí Ọba George Kẹfà àti ìyàwó rẹ̀ la ilẹ̀ Canada já ní oṣù karùn-ún àti ìkẹfà ọdún 1939, ohun ìrántí irú bẹ́ẹ̀ kún ọjà. Irú èyí kò ní ọlá ìjọba lẹ́yìn, síbẹ̀ ó lè jẹ́ òun ni ìyá àgbà rà pẹ̀lú owó àkọ́kọ́ tó rí lórí ọjà rẹ̀.

Báwo ni mẹ́dà ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe lè dé ilé wa?

Ẹnìkan lè bi mí pé, àwa tí Faransé ṣe ìjọba lé lórí, kí ló kàn wá nínú mẹ́dà ọba Gẹ̀ẹ́sì? Ìdáhùn rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ tí a dúró sí yìí. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé bá ara wọn ṣe ní ọdún 1889 ni ó la ilẹ̀ Kétu sí méjì. Kétu fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Mẹ́kọ àti Ìlárá bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n la ilẹ̀, wọn kò lè la ẹbí. Nígbà tí iṣẹ́ àfipáṣe, owó orí àti kíkó àwọn ọ̀dọ́ wọ iṣẹ́ ológun di ìnira lábẹ́ Faransé, ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ló sọdá sí apá kejì. Àwọn mìíràn lọ ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó, àwọn mìíràn lọ ṣòwò ní Èkó, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n padà wálé, wọ́n gbé àpótí bọ̀.

Àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì sì dé ẹ̀gbẹ́ wa níbẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1925, ọmọ ọba tí wọ́n ń pè ní Prince of Wales, ẹni tó di Ọba Edward Kẹjọ lẹ́yìn náà, wọ ọkọ̀ ojú omi ogun Repulse dé Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 1956, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì àti ọkọ rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Èkó. Títí di ọjọ́ 16 oṣù kejì ni wọ́n fi wà ní Nàìjíríà, wọ́n sì dé Ìbàdàn, Kàdúná, Ẹnúgu àti àwọn ìlú mìíràn. Ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Nàìjíríà tilẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ ìbẹ̀wò náà àti ọdún 1956 sórí sítáǹpù wọn tó jẹ́ kọ́bọ̀ méjì. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960, Ọmọọba Alexandra ni ó wá ṣojú ọbabìnrin náà.

Ó yẹ kí ẹ̀yin ìyá wa tún gbọ́ èyí. Ní ọdún 1935, Ọba George Karùn-ún pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí ìtẹ́. Wọ́n ṣe mẹ́dà, wọ́n sì ṣe oríṣiríṣi ohun ìrántí tí àwòrán òun àti ìyàwó rẹ̀ wà lára wọn. Àwọn aláró ilẹ̀ Yorùbá rí àwòrán náà, wọ́n sì fi ẹ̀kọ àdìrẹ yà á sórí aṣọ. Aṣọ náà ni wọ́n ń pè ní Olọ́ba. Ẹ wo bí àwòrán ọba àjèjì ṣe di aṣọ tí ìyá wa ń ró, tí orúkọ Yorùbá sì wà lára rẹ̀. Bí àdìrẹ Olọ́ba bá wà nínú àpótí yín, ẹ má ṣe sọ ọ́ di àkísà. Òun àti mẹ́dà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀

Bí ẹ bá rí mẹ́dà, ẹ má ṣe kánjú sọ pé báyìí ni. Ẹ gbé e sórí aṣọ funfun níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ sì máa bi í ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kọ́kọ́ wo orí tó wà lójú rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó yí i ká. Èdè Látìn ni wọ́n sábà máa ń kọ. REX ni ọba ọkùnrin, REGINA ni ọbabìnrin. Lẹ́tà D àti G tó tẹ̀ lé ara wọn ń sọ pé nípa oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ni ó fi jọba. Bí ẹ bá rí IND IMP, ó ń sọ pé ọba náà tún ni olórí ilẹ̀ Íńdíà. Íńdíà gba òmìnira ní ọdún 1947, láti ọdún 1949 sì ni ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lórí owó Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, mẹ́dà Ọba George Kẹfà tó ní IND IMP, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ó ti wà ṣáájú ìgbà náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí i padà. Ojú kejì ni ó sábà ń ní orúkọ ìlú, ọdún, àti ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Ẹ ṣọ́ra níbí, nítorí pé mẹ́dà ìwúyè àti mẹ́dà ìbẹ̀wò kì í ṣe ohun kan náà. Mẹ́dà fàdákà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ènìyàn nígbà ìwúyè ọdún 1911, 1937 àti 1953, àti ti àjọyọ̀ ọdún 1935, mìlímítà 32 ni ìbú wọn. Ní ti èyí tó wáyé ní ọdún 1953, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà ni wọ́n dé Elizabeth ládé ní London, ó sì lé ní ọdún méjì kí ó tó dé Èkó. Ẹni tó bá rí 1953 lára mẹ́dà, kí ó má sọ pé ti ìbẹ̀wò Èkó ni.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo etí rẹ̀ yípo. Ibẹ̀ ni àwọn òǹtàjà kọ́kọ́ máa ń wò, ibẹ̀ sì ni àwa kì í wò. Wọ́n lè gbẹ́ orúkọ ẹni tó gbà á síbẹ̀, bí wọ́n ti ṣe sí ti Ireland ọdún 1900. Ilé tí wọ́n ti ń rọ owó ní Paris a máa tẹ àmì tirẹ̀ sí etí. Láti ọdún 1880, àmì náà ni ìwo ẹran tí èso kún inú rẹ̀, wọ́n sì ń kọ BRONZE tàbí ARGENT sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. ARGENT ni fàdákà. Láti ọdún 1860 sí 1879, oyin ni àmì wọn. Lára ohun fàdákà kéékèèké ti Faransé, ẹ lè rí orí ẹlẹ́dẹ̀ ìgbẹ́ tàbí akàn tó kéré bí orí abẹ́rẹ́. Lára fàdákà Gẹ̀ẹ́sì, kìnnìún tó ń rìn ni, ìdákọ̀ró ọkọ̀ tó bá sì wà pẹ̀lú rẹ̀ ń sọ pé Birmingham ni wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wá gíláàsì tí ń sọ nǹkan di ńlá.

Ẹ̀kẹrin ni irin rẹ̀. Fàdákà, bàbà àti idẹ kì í lẹ̀ mọ́ òòfà. Bí mẹ́dà tí wọ́n ní fàdákà ni bá fò mọ́ òòfà, kì í ṣe fàdákà. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Mẹ́dà gidi tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ máa ń ní lẹ́tà tó mú, ojú rẹ̀ sì máa ń jọ̀lọ̀. Ayédèrú tí wọ́n yọ́ irin dà sínú àwòkọ́ṣe máa ń ní ihò wínníwínní bí ojú àkàrà, lẹ́tà rẹ̀ a máa wú, ìlà ìsopọ̀ a sì máa hàn ní etí.

Èkarùn-ún ni ọ̀já tí wọ́n fi so ó, èyí tí a ń pè ní ríbọ́ọ̀nù. Àwọ̀ ọ̀já kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán, ìjọba ló ń yan àwọ̀ fún mẹ́dà kọ̀ọ̀kan. Aró dúdú ni ti Ireland ọdún 1900. Bí ọ̀já bá ti gbó, ẹ má ṣe jù ú nù, ẹ má sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀rí ni.

Àwọn tí wọ́n ń ṣì mú

Ó ní àwọn ohun tó jọ mẹ́dà ìbẹ̀wò ọba tí kì í ṣe òun. Mẹ́ta wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Àkọ́kọ́ ni mẹ́dà àwọn Kátólíìkì tó rí gígùn bí ẹyin, tí àwòrán Màríà wà lára rẹ̀, tí wọ́n sì kọ 1830 sí. Ọdún ìran tí wọ́n sọ pé obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan rí ní Paris ni 1830 náà. Ọdún 1832 ni wọ́n kọ́kọ́ rọ irú rẹ̀, títí di òní ni wọ́n sì ń rọ ọ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín lè jẹ́ ti ọdún tó kọjá.

Èkejì ni mẹ́dà ogun. Àwọn baba wa tó bá Faransé jagun ní 1914 sí 1918 àti ní 1939 sí 1945 gba tiwọn. Ìtàn tiwọn tóbi ju ohun tí a lè sọ lónìí lọ, ẹ kọ ọ́ sọ́tọ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, tiyín ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1889, Ọba Tòfá dá oyè kan sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Ìràwọ̀ Dúdú, Étoile Noire du Bénin. Faransé fọwọ́ sí i, wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn. Wọ́n ń fún àwọn tó bá tan agbára Faransé kálẹ̀ ní etí òkun apá wa yìí. Ọdún 1963 ni wọ́n pa á rẹ́, nígbà tí De Gaulle dá oyè tuntun sílẹ̀. Àgbélébùú funfun onígun mẹ́jọ tó ní etí aláwọ̀ aró ni, ìràwọ̀ dúdú onígun márùn-ún wà ní àárín rẹ̀, òdòdó ewé sì wà lókè tí wọ́n fi ń so ó kọ́ ọ̀já aláwọ̀ ojú ọ̀run. Oyè ni èyí, kì í ṣe ìrántí ìbẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ọ̀kan nínú àwọn oyè tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Faransé ń fi sáyà ní gbogbo ayé, ààfin Àjàṣẹ́ ni ó ti jáde. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló mọ̀ ọ́n?

Ẹ má ṣe fọ̀ ọ́

Ọ̀nà tí mẹ́dà fi ń bàjẹ́ jù ni ìfẹ́ tí a ní sí i. Ọdún ti dé, a fẹ́ kí ó máa dán, a bu eérú, a fún ọsàn wẹ́wẹ́, a ra ìpara ìfọdẹ, a bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Ohun tí a ń ha kúrò náà ni awọ rẹ̀. Lẹ́tà a máa parẹ́, àmì etí a máa parẹ́, àwọ̀ tí ọgọ́ta ọdún fi wọ̀ ọ́ lára a sì lọ. Ẹni tó mọ mẹ́dà yóò wò ó, yóò dín owó rẹ̀ kù. Ohun tó burú jù ni pé ẹ̀rí ti lọ.

Ẹ dì í mú ní etí, nítorí òógùn ọwọ́ máa ń jẹ irin. Ẹ fi aṣọ òwú mímọ́ tàbí bébà funfun wé e, kí ẹ fi sí ibi gbígbẹ. Ẹ má ṣe fi sínú ọ̀rá, nítorí ọ̀rá ń mú ooru àti omi mọ́ ọn lára. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun àwọ̀ ewé tó ń ru jáde lára idẹ tàbí bàbà, ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù, kí ẹ sì fi han àwọn tó ń tọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ìtàn ni ká kó jọ

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn mẹ́dà ju mẹ́dà lọ. Nítorí náà, kì í ṣe irin ni mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ kó jọ, bí kò ṣe ìtàn tó so mọ́ ọn.

Fún mẹ́dà kọ̀ọ̀kan, ẹ mú bébà kan. Ẹ kọ ohun tó wà lójú rẹ̀ méjèèjì, lẹ́tà sí lẹ́tà, bí ẹ kò tilẹ̀ gbọ́ èdè náà. Ẹ wọn ìbú rẹ̀, ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n. Ẹ ya fọ́tò ojú rẹ̀ méjèèjì àti etí rẹ̀, kí rúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú fọ́tò. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó ti àgbà ilé. Ta ló kọ́kọ́ ni ín? Níbo ló wà nígbà náà, iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Ta ló fún un? Ọ̀dọ̀ ta ló gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín? Ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Bí àgbà méjì bá sọ ọ́ yàtọ̀ síra wọn, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, ẹ má ṣe pa ọ̀kan. Bí ẹnikẹ́ni kò bá mọ̀, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe fi ìtàn dídùn dí ihò.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò sọ pé, kí ló dé tí a ó fi máa tọ́jú orí ọba òyìnbó? Ṣé kì í ṣe àwọn ló fi iṣẹ́ àfipáṣe jẹ wá níyà? Ọ̀rọ̀ gidi ni, n kò sì fẹ́ kí a fi ọwọ́ bò ó. A kò ní gbé mẹ́dà wọ̀nyí sókè láti fi yin ẹni tó rọ wọ́n. Ẹ̀rí ni wọ́n jẹ́. Wọ́n ń sọ ohun tí ìjọba òyìnbó kà sí iṣẹ́ rere, àwọn tó yàn láti dá lọ́lá, àti àwọn tí kò fún ní nǹkan kan rárá. Ẹbí tí baba wọn gba mẹ́dà àti ẹbí tí baba wọn sá lọ sí Mẹ́kọ nítorí iṣẹ́ àfipáṣe, àwọn méjèèjì ni Kétu. Ìwé wa gbọ́dọ̀ gba ìtàn méjèèjì.

Ní ti àwọn tó ń rà á, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ohun tó bá jẹ́ tiyín, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti tà á. Kò sẹ́ni tó mọ bí oúnjẹ ṣe ń dé inú ìkòkò yín. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tà á fún ẹni tó ń kánjú. Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ ìtàn rẹ̀, ẹ bi ẹbí. Ẹ má sì ṣe gbé e fún alágbẹ̀dẹ góòlù pé kó yọ́ ọ ṣe yẹtí, nítorí fàdákà inú mẹ́dà oní-mìlímítà 32 kò tó nǹkan. Ẹ ó jèrè yẹtí kan, ẹ ó sì pàdánù baba ńlá kan.

Ohun tí a lè ṣe kí ọdún tó yí po

Kábíyèsí, Maire wa, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, àbá mẹ́ta ni mo ní.

Èkínní, kí a ṣí ìwé àkọsílẹ̀ kan. Kí mẹ́dà dúró sílé onímẹ́dà. Ààfin kò gbà á, kọ́múnù kò gbà á. Fọ́tò àti ìtàn nìkan ni a ó kọ sínú ìwé. Kí ìwé náà jẹ́ mẹ́ta: ọ̀kan lọ́wọ́ ẹbí, ọ̀kan ní ààfin, ọ̀kan ní kọ́múnù. Bí iná bá jó ilé kan, méjì yóò kù.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Àgbómẹ̀. Ní ọdún 1892, ọmọ ogun Faransé tí Ọ̀gágun Dodds kó wá kó ohun ọlá ààfin lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021 ni 26 nínú wọn padà dé ilẹ̀ wa, lẹ́yìn ọdún 129. Ohun tó jẹ́ kí a lè dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sì bèèrè wọn, ni pé wọ́n wà nínú àkọsílẹ̀. Ohun tí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni, ta ni yóò mọ̀ pé ó ti lọ?

Èkejì, kí a rán àwọn ọ̀dọ́ wa tó wà ní ilé-ìwé gíga sí ilé àwọn àgbà. Àwọn ni wọ́n ní fóònù tó ń ya fọ́tò, àwọn sì ni wọ́n lè ka Látìn àti Faransé tó wà lára mẹ́dà. Àgbà ní ìtàn, ọmọdé ní ẹ̀rọ. Kí ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti ilé tirẹ̀, kí ó kí àgbà bó ti yẹ, kí ó jókòó, kí ó gbọ́.

Ẹ̀kẹta kàn wá lónìí gan-an. Ìbẹ̀wò ọba kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Alákè Gbádébọ̀ ti Ẹ̀gbá lọ sí London ní ọdún 1904, ó sì fojú kan Ọba Edward Keje. Àwọn ọba wa ń bẹ ara wọn wò, wọ́n ń wá síbi ọdún ara wọn, a sì ń ṣe bàjì, a ń tẹ aṣọ, a ń ṣe fìlà. Ẹ wo bàjì tó wà ní àyà yín. Ṣé ọdún wà lára rẹ̀? Ṣé orúkọ ìlú wà lára rẹ̀? Láti ọdún tó ń bọ̀, kí ẹgbẹ́ má ṣe bàjì kan tàbí aṣọ kan láìkọ ọdún, ìlú àti orúkọ ọba tó wà lórí ìtẹ́ sí i. Kí a sì fi ọ̀kan pamọ́ sí ààfin lọ́dọọdún, pẹ̀lú orúkọ àwọn ọba tó bá wa ṣọdún. Ní ọgọ́ta ọdún sí òní, ọmọ ọmọ wa yóò gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, kò ní í nílò kí ẹnikẹ́ni wá ṣàlàyé fún un.

Bí ẹ bá délé lálẹ́ òní, ẹ ṣí àpótí. Ẹ pe ìyá àgbà jókòó kí oorun tó kùn ún, kí ẹ bi í pé ti ta ni èyí. Kí ọmọ kan mú bírò lọ́wọ́.

Àṣèyí ṣàmọ́dún. Kí Kábíyèsí pẹ́ fún wa, kí ìlú tòrò, kí àwọn tó wà lẹ́yìn ibodè máa rọ́nà wálé. Àṣẹ.